Òkìtì Òkúta Ọmọ Bíríkìlà

"Ṣáájú! Ṣáájú o! Wá gba ìbọ̀sẹ̀ tó gbẹ kó o tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn."

Ohùn ìyá rẹ̀ la àárín àwọn àgọ́ kọjá, ó bá gbogbo ọmọ kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń mu tíì àárọ̀. Ṣáájú ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dorí kodò, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀ tó ti rin gbingbin láti àná. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kó sinmi. Ó rìn wá tòun ti aṣọ ìnura léjìká, ó lóṣòó síwájú ọmọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wò ó bó ṣe tutù. Ṣé o fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí bó ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ọmọ Nọ́ọ̀sì," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ké láti ẹ̀yìn, "ṣé wọ́n á fún ẹ lọ́mú náà ká tó gbéra?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣáájú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó já ìbọ̀sẹ̀ náà gbà, ó sọ ọ́ sínú báàgì láìwọ̀ ọ́, ó sì dìde lọ sí iwájú, níbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò ti ní tó o.

Ṣáájú kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, torí pé ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ẹsẹ̀, iwájú ló gbọ́dọ̀ wà. Lọ́dọọdún ni kíláàsì tó bá fẹ́ jáde nílé ìwé wọn máa ń gun òkè yìí lọ wo ahoro ìlú àtijọ́ kan tó wà lórí rẹ̀, ìlú tí àwọn tó kọ́ ọ ti lọ tipẹ́tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ mọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń rìn ín, wọ́n á máa sùn sínú àgọ́. Òní ni wọ́n máa dé ibẹ̀. Ṣáájú sì ti fi ọkàn sí i pé ẹsẹ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà ìlú náà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ilé ìwé, ilé ìwé sì sọ pé ìrìn náà kò lè wáyé láìsí nọ́ọ̀sì. Ṣáájú ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má tẹ̀ lé wọn. "Ta ni kó wá tẹ̀ lé yín?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé ewúrẹ́ òkè ló máa fún yín lóògùn ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra, ẹ̀yìn pátápátá ni ìyá ń rìn, níwájú pátápátá ni ọmọ ń rìn. Ọ̀dọ̀ ìyá Ṣáájú ni Bíńtín wà, ọmọbìnrin tó kéré jù ní kíláàsì wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé ìléròrò. Láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, obìnrin náà kò yé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Á ní kí wọ́n sọ fún Ṣáájú kó mu omi. Ọ̀rọ̀ náà á máa ti ẹnu dé ẹnu, oníkálukú á fi ata tirẹ̀ sí i, nígbà tó bá fi máa dé iwájú, á ti di pé, "Ṣáájú, màmá ẹ ní kó o mu omi, kó o nu imú ẹ, kó o sì má jìnnà sílé." Ojú á sì ti Ṣáájú bíi pé kí ilẹ̀ lanu.

Ẹni tó ń fi wọ́n mọ̀nà ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fèrè pupa kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Fèrè. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta kan tó ga tó orúnkún, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn fi dákẹ́.

"Ẹ wo nǹkan yìí dáadáa," ó ní. "Àmì ọ̀nà nìyí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i ni kẹ́ ẹ gbà. Tí kùrukùru bá bolẹ̀ lókè yìí, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Àmì yìí nìkan ló máa mú yín délé. Ẹ má wó o. Ẹ má fi òkúta kún un. Ẹ má sì to tiyín síbì kankan. Òkúta ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé eré lẹ fi òun ṣe. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, mà," ni wọ́n jọ wí, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń wí nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti wà lórí búrẹ́dì.

Nígbà tó yá lọ́jọ́ ìkẹyìn yìí, wọ́n dé pápá kékeré kan láàárín àwọn àpáta, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń sinmi kí wọ́n tó gun èyí tó kù. Àǹtí Fèrè wo ìsàlẹ̀, ó rí nǹkan funfun kan tó tẹ́ sínú àfonífojì, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

"Ẹ dìde. A ò ní jókòó pẹ́. Ahoro yẹn ò jìnnà mọ́. Màá kó yín débẹ̀, màá sì sáré padà wá pàdé Nọ́ọ̀sì àti ọmọ yẹn. Àmì wà lójú ọ̀nà fún wọn."

Wọ́n dìde. Tíṣà Ìtàn, ọkùnrin oníkùn ńlá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láti àárọ̀, ló ń da àwọn ọmọ lọ níwájú rẹ̀. Ṣáájú ti fẹ́ máa sáré lọ síwájú nígbà tí ẹnìkan fa báàgì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ni. Ọba Fọ́tò ni wọ́n ń pè é, torí pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá ń sùn.

"Sọ fún Tíṣà pé a fẹ́ tọ̀," ni Ọba Fọ́tò sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wá wo nǹkan tí mo rí."

Nígbà tí Ṣáájú sọ bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà tán, ó mú un gba àárín àpáta ńlá méjì lápá òsì. Ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ lójú wọn. Gbogbo ayé wà nísàlẹ̀, odò tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, àwọn igi kéékèèké, àti lókè lọ́hùn-ún ògiri ìlú àtijọ́ náà. Koríko gíga bo etí ibẹ̀, ènìyàn kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí.

"Ọmọ bíríkìlà, to òkìtì kan fún mi síbí," ni Ọba Fọ́tò wí. "Èyí tó máa wuyì nínú fọ́tò. Kì í ṣe bíi tiwọn tó dà bí ìgbẹ́ màlúù."

"Àǹtí Fèrè ní ká má ṣe é."

"A ó wó o tá a bá yà á tán. Àbí o fẹ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Mọ́mì ẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún Ṣáájú. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta. Ó sì mọ̀ ọ́n tò. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ni Ṣáájú máa ń lọ ràn án lọ́wọ́. "Fi èyí tó fẹ̀ sísàlẹ̀," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. "Gbé èyí tó wúwo lé e, kó o fi wẹ́wẹ́ há àlàfo. Tó o bá tò ó báyìí, ìyá ìjì ò lè tì í." Nílé wọn, Ṣáájú ló to òkúta yí òdòdó iwájú ilé ká, òun ló to àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ohun tó bá tò ló máa ń fi òkúta funfun kan dé lórí, bí ẹni tó fọwọ́ síwèé. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbálẹ̀ yí wọn ká.

Òkìtì náà ga dé àyà rẹ̀, ó gún régé. Láti pápá ìsinmi, ènìyàn á máa wò ó láàárín àpáta méjèèjì bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá òkúta funfun kan rí, ó fi dé e.

"Ẹnjiníà!" ni Ọba Fọ́tò pè é. Kò pè é ní Ọmọ Nọ́ọ̀sì. Orí Ṣáájú wú. Wọ́n ya fọ́tò títí, wọ́n dúró sọ́tùn-ún, wọ́n dúró sósì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ṣáájú na ọwọ́ sí òkìtì náà.

"Jẹ́ ká wó o."

"Kí lo fẹ́ wó o fún? Iṣẹ́ tó dáa báyìí! Tá a bá ń padà bọ̀, oòrùn á ti yí, ká tún un yà."

Wọ́n gbọ́ ohùn Tíṣà Ìtàn tó ń pè wọ́n láti iwájú. Ṣáájú wo òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dùn ún láti ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́, ó sì sáré tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá dúró díẹ̀ sí i ni, ìyá rẹ̀ ì bá bá a níbẹ̀.

Ó sáré kọjá gbogbo wọn, ó ṣáájú lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́ náà, tó fi igbe ta, tí àwọn tó kù sì dáhùn láti ẹ̀yìn. Inú àwọn yàrá tí kò lórùlé, koríko ti hù dé orúnkún. Ògiri ìlú náà kò ní símẹ́ńtì rárá, òkúta lórí òkúta ni, síbẹ̀ Ṣáájú ki èékánná bọ àárín wọn, èékánná kò wọlé. Ó fọwọ́ pa á. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa sọ fún bàbá òun. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, kò sì rí ọ̀nà mọ́.

Kùrukùru ti gòkè dé. Ó ń rọ́ bọ̀ bí èéfín igi tútù, ó gbé àpáta mì, ó gbé ẹnu ọ̀nà mì. Òtútù bá a dé. Àwọn ọmọ tó ń jó lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ òtútù nínú báàgì. Àǹtí Fèrè fun fèrè rẹ̀, ó tẹ́tí. Kò sí ìdáhùn.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ògiri yìí," ó ní, ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

Ṣáájú jókòó ti ògiri. Ó ń retí láti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ohùn tó ń sá fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra, òun ló wá ń fi gbogbo etí wá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n máa dé báyìí, pé Bíńtín ló ń rìn bí ìgbín. Ṣùgbọ́n òkìtì tó tò sílẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Fèrè padà dé, òun nìkan ni. Aṣọ rẹ̀ ti rin.

"Mo dé pápá ìsinmi, mo kọjá ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mi ò rí wọn. Mo fun fèrè títí. Mo fún Nọ́ọ̀sì ní fèrè tiẹ̀, mi ò gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ wo àwọn àmì?" ni Tíṣà Ìtàn bi í.

"Èmi kì í wo àmì mọ́, Tíṣà. Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀nà." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló le, tí wọ́n fi yí padà sí ibùdó tá a ti sùn. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ kíákíá. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé ìta ni wọ́n wà nínú òtútù yìí, a lè má bá wọn láàyè."

Ṣáájú dìde. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ọba Fọ́tò gbá a lọ́wọ́ mú, ó fún un pinpin.

"Ṣé wèrè ni ẹ́?" ó sọ ọ́ sí i létí. "Wọ́n máa lé wa nílé ìwé. Ìdánwò ku díẹ̀. Ṣebí Àǹtí Fèrè ti sọ pé ibùdó ni wọ́n wà? Màmá ẹ ti ń mu tíì níbẹ̀ báyìí. Dákẹ́."

Ó wu Ṣáájú láti gbà á gbọ́. Ó wù ú ju oúnjẹ lọ. Ó sì dákẹ́. Ó ń wo Tíṣà Ìtàn tó ń di okùn mọ́ èjìká, ó ń wo Àǹtí Fèrè tó ń tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wò wọ́n títí kùrukùru fi pa ẹ̀yìn wọn dé. Wọ́n ti gba ọ̀nà ibi tí ìyá rẹ̀ kò sí lọ. Òun nìkan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ láyé yìí, òkúta sì mọ̀.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri àtijọ́ náà. Ògiri náà dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó tò ó ti kú tipẹ́, ohun tí wọ́n tò kò sì tíì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣáájú já ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lára, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì sáré bọ́ sínú kùrukùru.

Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde. Fèrè ló ń tẹ̀ lé, tó bá dún, á sáré, tí kò bá dún, á dúró bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Nígbà tó bá wọn, èémí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Mo to òkìtì," ó ní. "Láàárín àpáta méjì yẹn. Níbi tá a ti sinmi. Mo to òkìtì síbẹ̀, a ò sì wó o."

Tíṣà Ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn. Àǹtí Fèrè kò pariwo. Ó yí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí i.

"Lápá òsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilẹ̀ ò sí lẹ́yìn ibẹ̀," ó ní. Ó sì sáré.

Òkìtì náà yọ sí wọn nínú kùrukùru, ó ga, ó gún, òkúta funfun orí rẹ̀ ń tàn. Àmì gidi tó wà lápá ọ̀tún kéré, ó wọ́, ènìyàn kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn òkìtì Ṣáájú, nídìí àpáta, Bíńtín jókòó ká gúlútú, aṣọ òtútù nọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Nọ́ọ̀sì ní kí n má mira," ó ní. "Wọ́n ń lọ níwájú mi, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ koríko wò. Ọ̀pá wọlé, àwọn náà wọlé. Mo gbọ́ fèrè yín, mo ké, ohùn mi ò jáde. Mo ń gbọ́ fèrè tiwọn náà tẹ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ṣáájú dọ̀bálẹ̀ létí koríko náà. Ó gbàgbé ojú ẹgbẹ́, ó gbàgbé Ọmọ Nọ́ọ̀sì, ó fi gbogbo ohùn inú rẹ̀ kígbe.

"Mọ́mì! Mọ́mì o! Mọ́mì mi!"

Kò sí nǹkan kan. Ó tún ké. Ó ń sunkún, ó ń ké. Ó ti ń rò ó pé òun máa padà sílé, pé òun máa dúró níwájú bàbá òun, kí ni òun máa wí? Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má ta etí were. Láti ìsàlẹ̀, ohùn kékeré kan dáhùn, ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ.

"Má sún mọ́ etí ibẹ̀ o."

Orí pèpéle àpáta kan ló wà, kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún. Àǹtí Fèrè fi okùn sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà Ìtàn àti Ṣáájú dì í mú lókè títí ọwọ́ wọn fi bó. Bí wọ́n ṣe fà á gòkè, ìrora náà mú kó dákú, ó jí, ó tún dákú. Bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ náà tutù bí òkúta odò. Ṣáájú tú báàgì rẹ̀. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fún un láàárọ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un.

Ìyá rẹ̀ lajú. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo rí i," ó ní. "Bíńtín ní ká gba ọ̀tún, níbi àmì tó wọ́ yẹn. Mo ní rárá, ọwọ́ ọmọ mi nìyí. Ó fi òkúta funfun dé e. Mo ní o ò gbàgbé mi lẹ́yìn, o to àmì sílẹ̀ fún mi. Ẹsẹ̀ mi ló ṣìlẹ̀."

Tíṣà Ìtàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí Fèrè wo Ṣáájú. Ṣáájú fa ìbọ̀sẹ̀ náà gòkè sí i.

Kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀, Àǹtí Fèrè gbá òkìtì náà nípàá kó lè wó. Kò wó. Ó tún gbá a. Kò mira. Ńṣe ni òun àti Ṣáájú jọ yọ ọ́ ní òkúta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń jù ú sínú koríko. Àǹtí Fèrè kò bá a wí. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ti ilé ìwé, Tíṣà á sọ ọ́. Ti màmá ẹ, ìwọ ni."

Wọ́n gbé obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pá àgọ́. Ní ọsibítù, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní eegun náà á so, ṣùgbọ́n orúnkún kò ní ká dáadáa mọ́, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Nọ́ọ̀sì tó ń fi gbogbo ọjọ́ rìn láti kíláàsì dé kíláàsì wá di ẹni tí wọ́n ń gbé omi bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ ọ́ fún.

"Ọmọ mi yìí tẹ́ ẹ̀ ń wò," á wí, á na ọwọ́ sí Ṣáájú tó gbé fúláásìkì dúró, "ó to àmì sílẹ̀ fún mi lókè yẹn. Èmi ni ẹsẹ̀ mi gbòdì. Kò sí ohun tó tó ọmọ."

Àwọn àlejò á kí Ṣáájú kú ìtọ́jú ìyá. Wọ́n á gbàdúrà fún un. Àdúrà náà ń ta á lára bí omi gbígbóná. Ó gbìyànjú láti gbà á mọ́ra. Ó ní lọ́kàn pé, bí irọ́ náà bá ń dùn mọ́ ìyá òun, kí ló dé tí òun á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ fún obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí obìnrin yẹn sì fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Nígbà tó jáde, Ṣáájú kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, kì í ṣe tìtorí yín ni mo fi tò ó."

"Kí lo tò?"

"Òkìtì yẹn. Fọ́tò la fẹ́ yà. Mi ò rántí yín rárá. Wọ́n ti ní ká má tò ó, mo sì tò ó. Nígbà tí wọ́n ń wá yín, mo mọ ibi tẹ́ ẹ lè wà, mo sì kọ́kọ́ dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ó ká a tán, ó tún un tú.

"Nígbà tí mo wà nísàlẹ̀ yẹn," ó ní, "òtútù mú mi débi pé mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́sẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú. Mo ní ọmọ mi tí kì í fẹ́ bá mi rìn ṣì rántí mi. Òun ni mo fi bora. O wá ká a kúrò lára mi báyìí."

Ó kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣáájú kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí òun fi wà lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ó gbà pé ó ti tán láàárín àwọn méjèèjì, pé kò sí ohun tí òun lè tò láyé tí ìyá òun á tún fẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀, kò yíjú padà.

"Ó dáa tó o sọ ọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó dáa. Lọ pọn omi wá."

Ilé ìwé lé Ṣáájú àti Ọba Fọ́tò sílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gba ipò olórí àwọn tó ń sáré ìje lọ́wọ́ Ṣáájú, wọ́n fún ẹlòmíràn. Ọba Fọ́tò pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, kì í sì í dúró bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ tó ní kó dákẹ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú tí Ṣáájú dà, ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà sí, ìyẹn ló sì ń pa á lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n tú símẹ́ńtì náà, dókítà ní kí obìnrin náà máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú títì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ṣáájú, ẹni tí kì í rìn lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ló ń rìn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ní ìwọ̀n ìrìn ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kọjá lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ké pè é, "Ọmọ Nọ́ọ̀sì!" Á dáhùn, "Èmi nìyí." Ìyá rẹ̀ kì í sọ ohun púpọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá wà níwájú kò mọ ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a fi ṣe eré lè di ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ràn wa, àwọn tó fẹ́ràn wa jù ló sì máa ń tètè tẹ̀ lé e. Bí a bá ti tò ó ní àṣìṣe, ká tètè wó o. Bí ọwọ́ wa kò bá tó o mọ́, ká tètè sọ. Ojú á ti ni, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ojú títì, tí kòtò pọ̀ sí. Ìyá rẹ̀ dúró. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò, ó sì fà á padà kíákíá bí ẹni tó rántí nǹkan. Ó mí kanlẹ̀.

"Omi ló dànù," ó ní. "Agbè ò fọ́."

Ṣáájú na ọwọ́ sí i.

"Bọ́ síwájú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí n máa wo ibi tí ò ń tẹ̀."

Ó bọ́ síwájú. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ dán ilẹ̀ wò, ó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀. "Kòtò wà níbí, Mọ́mì. Ẹ gba ọ̀tún." Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀pá náà tó ń tẹ ibi tí òun ti tẹ̀ kúrò.